Ọwọ́ Ta Ni Káàdì Náà Wà?

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé èèwọ̀ lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ìgbà tí a dàgbà, tí a kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà jáde, tí iṣẹ́ òòjọ́ wa wá di ká máa ka nǹkan, ni a tó rántí ọ̀rọ̀ náà. À ń ka iye ènìyàn tó tẹ bọ́tìnnì, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò, iye ẹni tó sanwó àti iye ẹni tó sá lọ kó tó sanwó. A wá ń bi ara wa pé, kí ló dé tí àwọn baba wa fi ń bẹ̀rù òǹkà? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó ń ka owó ẹyọ lọ́kẹ̀ẹ́ lọ́kẹ̀ẹ́ kì í ṣe òpè nínú ìṣirò. Lójú tiwa, ẹni tó ń kà ni wọ́n ń bẹ̀rù, àti ohun tó fẹ́ fi iye tó kà ṣe.

Ọ̀fàtẹ̀dó níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo, ni a ti ń ṣiṣẹ́: àwa mẹ́ta, yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ọsibítù kan wá bá wa. A ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Màmá Láíbìrì ni a máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wà o, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò pọ̀.” Ohun tí àwọn ọ̀gá wọn fẹ́ ni pé ká kọ sọ́fítíwíà tó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa kó gbogbo pépà ìwádìí tí dókítà kọ̀ọ̀kan ti kọ jọ, tó máa ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì ti tọ́ka sí wọn, tó sì máa to àwọn dókítà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Owó ìwádìí tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà kéré. Àkójọ yìí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ wò pín in.

Iṣẹ́ náà ò le. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi parí ẹ̀. Inú wa dùn débi pé a fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ní ká ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí a parí, kí Màmá Láíbìrì tó rí i rárá. Orúkọ dókítà 43 ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé lókè, àwọ̀ pupa nísàlẹ̀. Ó rẹwà.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dé. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. A ò tíì rí ẹni tó ka àkójọ báyìí rí.

“Ẹni 41 yìí,” wọ́n ní, “ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?”

“Rárá, mà.”

“Àwọn ni wọ́n lọ ń wo ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé tó ń wẹ̀ lódò. Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń wá. Àwọn ni wọ́n bá àwọn tó ń pín oògùn sọ̀rọ̀ tí oògùn fi dé iléèwé mẹ́ta. Pépà méje ni wọ́n kọ nípa ẹ̀. Mo mọ̀, torí èmi ni mo bá wọn wá ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́. Méjì lẹ kọ síbí.”

A dákẹ́. A padà sídìí kọ̀ǹpútà, a yẹ kóòdù wa wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí sọ́fítíwíà náà ń kà. Bí olùwádìí bá kọ pépà, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn iṣẹ́ tó ti kà ṣáájú, tó ti rí ọgbọ́n mú nínú wọn. Orúkọ tó dá yẹn là ń pè ní ìtọ́ka. Gbèsè tí èèyàn fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ni. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì mọ gbèsè dáadáa. Àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, máa ń ru aṣọ lọ sí ìlú oníìlú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á wá padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Bí ẹ bá ka iye onígbèsè òṣómàáló kan, ẹ ó mọ bí ọjà ẹ̀ ṣe rìn jìnnà tó. Ẹ ò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá aṣọ náà ń ṣá. Ẹ ò sì lè mọ ẹni tó rà á lówó lọ́wọ́, tó wọ̀ ọ́ títí tó fi gbó, nítorí orúkọ onítọ̀hún ò sí nínú ìwé gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pépà ìwádìí. Nọ́ọ̀sì tó ka pépà dókítà wa yìí, tó wá ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó bá wá pé “Ṣé ò ń wẹ̀ lódò?”, kò kọ pépà kankan. Ìtọ́ka tiẹ̀ ò sí níbì kankan. Àmọ́ ọmọ tó rí oògùn gbà ń bẹ.

Òǹkà ìtọ́ka yìí ò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń dájọ́ ènìyàn. Inú ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ló ti jáde. Ní 1927, àwọn méjì kan tó ń jẹ́ Gross, ní Pomona College ní Kalifóníà, ń ronú nípa ìṣòro tí gbogbo olùtọ́jú ilé ìkàwé mọ̀: owó ò tó, jọ́nà pọ̀, èwo ni ká rà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ kẹ́mísírì? Wọ́n mú jọ́nà kẹ́mísírì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka àwọn jọ́nà tí àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀ ń tọ́ka sí, wọ́n sì fi ìyẹn mọ èyí tó yẹ ká rà. Òǹkà náà ran ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó tipa ẹ̀ pàdánù nǹkan kan.

Ní 1955, Eugene Garfield kọ̀wé nínú jọ́nà Science pé ó yẹ ká ní àkójọ ìtọ́ka fún gbogbo sáyẹ́ǹsì. Ìdí tó fi fẹ́ ẹ dára. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń ka pépà kan lè mọ àwọn tó ti ta kò ó lẹ́yìn ìgbà náà, kó má baà gbé èké tàbí ohun tó ti gbó kiri. Àkójọ náà jáde ní 1964 lábẹ́ orúkọ Science Citation Index. Ní 1969, Alan Pritchard fún irú òǹkà yìí lórúkọ: bibliometrics. Láàárín àkókò yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo impact factor, tó ń wo iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún kan sí ohun tí jọ́nà kan gbé jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú, tó wá ń fi iye pépà ibẹ̀ pín in. Jọ́nà ló ń wọ̀n, kì í wọn ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, mú h-index wá. Bí ẹ bá ní pépà márùn-ún tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún ó kéré tán, h-index yín jẹ́ 5. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jọ́nà mọ́. Ènìyàn fúnra ẹ̀ ló ń kà.

Ẹ wo bó ṣe rìn. Ohun tí olùtọ́jú ilé ìkàwé fi ń mọ ìwé tó yẹ kó rà ti di ohun tí ọ̀gá fi ń mọ ẹni tó yẹ kó gbé ga. Òǹkà kan náà ni, ọwọ́ tó mú un ló yí padà.

Bí a ṣe wá ń tú àkójọ tiwa palẹ̀, ni a rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, dátábéèsì tí a lò kì í ka gbogbo jọ́nà. Scopus àti Web of Science, jọ́nà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń kà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Dókítà wa kọ ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá sínú jọ́nà ilé, torí ilé ni àwọn tó nílò ẹ̀ wà. Ta ni ní Boston tó fẹ́ tọ́ka sí odò tí àwọn ọmọ wa ń wẹ̀? Lójú sọ́fítíwíà wa, pépà márùn-ún ò sí láyé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa Yorùbá mọ bí orúkọ wa ṣe ń jọra. Àwọn dókítà méjì tí lẹ́tà orúkọ wọn bára mu ti di ẹnì kan ṣoṣo nínú àkójọ wa, ẹni ọ̀hún sì wà ní ipò kejì bí ọba. Obìnrin kan sì wà tó di mẹ́ta: ó fi orúkọ bàbá ẹ̀ kọ pépà àkọ́kọ́, ó fi orúkọ ọkọ kọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó wá so méjèèjì pọ̀ kọ ìyókù. Ẹni tó yẹ kó wà lókè ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù, torí kò sí kóòdù tó lè tún un ṣe. Ìtọ́ka kì í sọ ìdí tí wọ́n fi tọ́ka. Ní 1998, jọ́nà The Lancet gbé pépà Andrew Wakefield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jáde nípa ọmọ 12. Òun ló dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní ti èéyi nínú ń fa autism. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀, jọ́nà náà sì fa pépà ọ̀hún padà ní 2010. Àmọ́ nínú àwọn pépà tí wọ́n ti fà padà, pépà yẹn wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ka sí jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́ka sí i ń sọ pé irọ́ ni. Sọ́fítíwíà ò mọ̀yẹn. Gbogbo ẹ̀ ló ń kà sí ọlá.

Ẹ má wá rò pé a fẹ́ sọ pé ká da gbogbo òǹkà nù. Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí ní Nàìjíríà mọ ìdí. Níbi tí nọ́ńbà ò bá sí, òdodo kọ́ ló máa ń rọ́pò ẹ̀, “Ta lo mọ̀?” ni. Ọmọ tálákà tó gba 300 nínú JAMB ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọmọ kọmíṣọ́nnà ò lè fi agbára gbà. Màmá Láíbìrì fúnra wọn sọ fún wa pé kí àkójọ yìí tó wáyé, ẹni tó bá mọ ọ̀gá kí jù ló máa ń rówó ìwádìí gbà. Àkójọ wa yìí náà, pẹ̀lú gbogbo àbùkù ẹ̀, ló gbé obìnrin oníorúkọ mẹ́ta yẹn jáde. Nígbà tí a so iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ tán, ipò kẹta ló wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ lọ́sibítù, torí kì í pariwo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkà lè gbèjà àwọn tí ayé gbàgbé. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn síkù sẹ́ẹ̀lì jù lágbàáyé. Ní Amẹ́ríkà gan-an, àwọn tó ní àrùn yìí ju àwọn tó ní cystic fibrosis lọ dáadáa, síbẹ̀ owó ìwádìí tó ń lọ síbi síkù sẹ́ẹ̀lì kéré bí ẹ bá pín in fún orí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ka owó, tí wọ́n ka àwọn aláìsàn, tí wọ́n wá fi méjèèjì wéra ni wọ́n jẹ́ ká mọ̀. Ká ní wọn ò kà á ni, ẹ̀dùn ọkàn lásán ni à bá máa pè é. Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá ó yẹ ká kà. Ta ni òǹkà náà ń ṣiṣẹ́ fún? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìdáhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn jù, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ti rí i. Ọsibítù Wesley Guild wà ní Iléṣà; apá kan ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni lónìí, àmọ́ àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀. Láti 1956 dé 1961, dókítà ará Bìrìtìkó kan, David Morley, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ti dá kíláńíkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ ń kú nígbà náà. Èéyi ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, àìjẹunre-kánú ń pa wọ́n. Ohun tí Morley kọ nípa bí èéyi ṣe ń pa ọmọ wa ló mú kí Samuel Katz, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní Boston, gbéra wá sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 1960 láti wá dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni o: abẹ́rẹ́ tí pépà irọ́ Wakefield wá dẹ́rù ba ayé nípa ẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ bó ṣe wúlò tó.

Àmọ́ káàdì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ní kíláńíkì náà, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n ẹ̀ lórí káàdì, wọ́n á sì fi ìlà so àmì kan mọ́ èkejì. Káàdì yìí, tí a wá mọ̀ sí Road to Health, tàn kárí ayé. Ohun méjì ló wà nínú ẹ̀ tó yà wá lẹ́nu, àwa tí à ń fi nọ́ńbà jẹun.

Ọ̀kan ni pé nọ́ńbà òòjọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ibi tí ìlà ń lọ ni. Ọmọ kékeré tí ìlà ẹ̀ ń gòkè ń ṣe dáadáa. Ọmọ tó sanra tí ìlà ẹ̀ dúró lójú kan fún oṣù mélòó kan, òun ni kí ẹ tètè wò. Wọn ò to àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ẹni tó wúwo jù dé ẹni tó fúyẹ́ jù. Kí ni wọn ì bá fi ìyẹn ṣe? Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ara ẹ̀ àná ni wọ́n ń fi wé.

Èkejì ni pé ìyá ọmọ ló ń mú káàdì lọ sílé. Kò sí nínú fáìlì ọsibítù tí wọ́n tì pa. Ìyá á fi í sínú ọ̀rá, á kó o pa mọ́ síbi tó ń kó nǹkan pàtàkì sí, á sì mú un wá lọ́jọ́ kíláńíkì. Bí nọ́ọ̀sì bá fi àmì síbi tí kò yẹ, ìyá lè sọ pé “Nọ́ọ̀sì, oṣù tó kọjá kọ́ nìyẹn o.” Wọ́n ń ka ọmọ, àmọ́ ọlọ́mọ ló ni òǹkà náà. Ẹni tó bá lọ wo inú àpótí ìyá ẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kó rí káàdì abẹ́rẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀.

A sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá Láíbìrì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ẹ ò kàn bi mí ni.” A wá jókòó tì wọ́n ní láíbìrì fún ọ̀sẹ̀ kan, ká lè rí iṣẹ́ wọn.

Dókítà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí á kọ́kọ́ wá bá wọn. Wọ́n á bá a wá gbogbo ohun tí ayé ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà: nínú PubMed, nínú African Index Medicus, tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ìṣègùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1993 torí pé iṣẹ́ wa ò hàn nínú àkójọ àwọn òyìnbó, nínú AJOL, tó ti ń kó jọ́nà Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998. Wọ́n á wá ka ohun tí wọ́n rí lọ́dọọdún, wọ́n á yà á sórí bébà, wọ́n á ní, “Dókítà, ẹ wò ó, àwọn ènìyàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ibí yìí. Ibi báyìí ni kò sí ẹni tó débẹ̀.” Bibliometrics nìyẹn. Àmọ́ ibi tí dókítà lè gbà lọ ló ń fi hàn án, kò sọ ipò tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Dókítà tó bá kọ pépà tán á mú orúkọ jọ́nà wá. Màmá á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jọ́nà gidi ni tàbí jọ́nà gbájúẹ̀, irú àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìgbéga, tí wọn kì í sì í ka ohun tó kọ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ rántí pé òǹkà ló bí àwọn jọ́nà wọ̀nyí. Níbi tí iye pépà bá ti di ìgbéga, ẹnì kan á ṣí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta iye. Màmá á tún wò ó bóyá wọ́n ti fa èyíkéyìí nínú àwọn pépà tí dókítà tọ́ka sí padà. Ohun tí Garfield fẹ́ ní 1955 gan-an ni.

Ohun kan tí wọn kì í fi ṣeré ni ORCID, nọ́ńbà oní-digit 16 tí olùwádìí fúnra ẹ̀ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti wà láti 2012. Bí ẹ yí orúkọ padà, bí ẹ lọ́kọ, bí ẹ kúrò ní Òṣogbo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà náà ò yí padà. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹni tó máa rí ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Màmá ṣàlàyé ẹ̀, a wo ara wa. Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

A padà sí Ọ̀fàtẹ̀dó, a tún sọ́fítíwíà náà kọ. A yọ títò láti òkè dé ìsàlẹ̀ kúrò. Dókítà kọ̀ọ̀kan wá ní ojú ìwé tiẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rí i. Ó lè sọ pé “Pépà yìí kì í ṣe tèmi,” ó lè fi èyí tó sọnù kún un, ó lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ òun ló gbé oògùn dé iléèwé báyìí báyìí, kí ìgbìmọ̀ tó rí nǹkan kan. Ẹ má rò pé àwa la gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ òǹkà yìí fúnra wọn gbé ìlànà mẹ́wàá jáde nínú jọ́nà Nature, tí wọ́n pè ní Leiden Manifesto. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń wọ̀n yẹ ohun tí ẹ fi wọ̀n ọ́n wò. Àwa tí a kàwé kọ̀ǹpútà jáde, kò sí ẹni tó kọ́ wa nìyẹn ní kíláàsì.

Ìgbìmọ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ní ojú ìwé 43 ti pọ̀ jù, nọ́ńbà kan ṣoṣo làwọn fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Màmá Láíbìrì dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tí ò bá lè ka ojú ìwé 43 kò yẹ kó pín owó fún ènìyàn 43.” Wọ́n jàjà kà á. Dókítà àtọ̀sí ajá ò rówó gbà lọ́dún náà. Àwọn mìíràn ló gbà á, a ò sì lè sọ pé kò tọ́ sí wọn. Àmọ́ pépà méjèèje ẹ̀ ti wà lójú ìwé ẹ̀ báyìí.

Ibi tí à bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ẹ rántí àkójọ àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa á rẹ́, pé àṣìṣe pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní kò burú. Ní bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, dókítà náà fúnra wọn wá sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n ní, níbi ìpàdé kan tí kò jẹ mọ́ owó ìwádìí rárá, ẹnì kan fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ó pè wọ́n ní “Dókítà 41.”

“Ẹ̀yin lẹ kà mí?” wọ́n bi wá.

A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà.”

A ṣí ojú ìwé tuntun náà fún wọn, a fi gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá béèrè bóyá a lè pa ti àkọ́kọ́ yẹn rẹ́ níbi gbogbo tó wà. A sọ òtítọ́ fún wọn: a ò lè ṣe é. A ò mọ iye fóònù tó ti wọ̀. Nọ́ńbà tó bá ti jáde lọ́wọ́ ẹni, kò mọ̀nà ilé mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ òǹkà wá, yálà ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, ti awakọ̀ ni, ti òṣìṣẹ́ báńkì ni, ìbéèrè kan là ń kọ́kọ́ bi í ká tó dárúkọ owó: ẹni tí ẹ fẹ́ ká kà yìí, ṣé á rí ohun tí a bá kà kí ẹlòmíì tó rí i? Àwọn kan ti gbé iṣẹ́ wọn lọ fún ẹlòmíì nítorí ẹ̀. Ó dùn wá, torí dísù ò gbàgbọ̀: owó epo jẹnẹrétọ̀ wà ńlẹ̀. Àmọ́ a ti rí ojú ẹnì kan tí a kà láìjẹ́ pé ó mọ̀, àwa gan-an ló sì jókòó ní iwájú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.